Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran

Àwọn àgbà ló sọ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mi ò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí lọ́jọ́ náà, àmọ́ ó dà bí ẹni pé Windows 7 tó ń gbé inú Ubuntu mi ni wọ́n rí kí wọ́n tó sọ ọ́. Àlejò ni Windows náà. Ó ní ojú, ó ní ihò USB, ó ní kíbọ́ọ̀dù, gbogbo rẹ̀ ló pé lórí ìwé. Ṣùgbọ́n tí o bá ki nǹkan bọ ẹ̀gbẹ́ laptop, á kàn máa wò ẹ́ níran ni.

Ẹ jẹ́ kí n tètè ṣàlàyé fún àwa tí à ń ka Yorùbá, kí àwọn ọmọ Kọ̀ǹpútà tó máa fi wá rẹ́rìn-ín. Virtual machine ni wọ́n ń pe nǹkan yìí. Software kan ló máa ń ṣe bí ẹni pé òun ni odidi kọ̀ǹpútà. Á fi fáìlì kan ṣe hard disk, á bu díẹ̀ nínú mẹ́mórì laptop rẹ, á dá ojú, á dá kíbọ́ọ̀dù, á wá gbé ẹ̀rọ tí kò sí níbì kankan kalẹ̀. Wàá fi Windows sínú rẹ̀, Windows á sì máa ṣe fàájì tirẹ̀ nínú fèrèsé kan lójú Ubuntu, láì mọ̀ pé inú ẹlòmíràn lòun wà. Èyí tó wà níta, tó ni irin, tó ń gba iná, onílé ni. Èyí tó wà nínú, àlejò ni. Àwọn òyìnbó tó ṣe é náà ń pè wọ́n ní host àti guest, nítorí náà ẹ má sọ pé èmi ni mo fi ewì sí i. VirtualBox ni tèmi. Ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì tó ń jẹ́ Innotek ló gbé e jáde fún aráyé ní 2007, Sun ra ilé iṣẹ́ náà ní 2008, Oracle sì ra Sun ní 2010. Ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ sì ni agbára wa ká.

Ẹ̀yin náà á máa bi mí pé kí ló gbé ọmọ ẹ̀ka Yorùbá débẹ̀. Rẹ́kọ́dà ni.

Ní 2007, àbúrò màmá mi, tí a ń pè ní Àǹtí, gbé rẹ́kọ́dà kékeré kan lọ sí Ìsẹ́yìn, ó gbé e síwájú ìyá wọn, ó ní kí wọ́n sun ẹkún ìyàwó fún òun. Màmá àgbà ti lé lọ́gọ́rin ọdún nígbà yẹn. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀. Wọ́n ní arúgbó wo ló ń sunkún ìyàwó, ta ni yóò gbé àwọn níyàwó? Àǹtí bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n wá sun ún. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì gbáko. Màmá àgbà fayé sílẹ̀ ní 2011. Rẹ́kọ́dà wọ inú àpótí aṣọ Àǹtí, ó sùn síbẹ̀ títí mo fi dé 400 level tí mò ń wá ohun tí n ó fi ṣe project.

Wàhálà rẹ́kọ́dà yìí ni pé kò ní káàdì tí wọ́n ń yọ. Ikùn ara rẹ̀ ló ń tọ́jú ohùn sí, irú fáìlì tó sì ń ṣe, òun nìkan ló yé. Tí o bá fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kì í yọ bíi flash. Àfi kí o lo software tó bá a wá nínú CD, Windows ayé àtijọ́ nìkan ni software ọ̀hún sì ń bá ṣọ̀rẹ́. Ihò tí wọ́n ń ki earphone bọ̀ ti kú. Speaker rẹ̀ ti ya, ohùn Màmá àgbà ń jáde bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò. Nínú hóstẹ́ẹ̀lì wa, kò sẹ́ni tó ṣì ní Windows 7 lórí laptop rẹ̀. Láti January 14, 2020 ni Microsoft fúnra wọn ti ṣíwọ́ àtúnṣe lórí rẹ̀. Nítorí náà mo dá kọ̀ǹpútà sínú kọ̀ǹpútà, mo fi Windows 7 síbẹ̀, a fi drive ọ̀rẹ́ kan sọ CD náà di fáìlì, mo sì gbé software wọlé. Títí dé ibẹ̀, gbogbo nǹkan ń lọ geerege.

Mo wá so wáyà.

Níta, onílé rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tí o bá tẹ lsusb ní Ubuntu, á ka gbogbo ohun tó wà lẹ́nu ihò USB fún ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú nọ́ńbà méjì tí wọ́n fi àmì kólọ́ọ̀nù pín: àkọ́kọ́ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe nǹkan náà, èkejì jẹ́ ti nǹkan náà fúnra rẹ̀. Ẹ wò ó bí orúkọ ìdílé àti orúkọ àbísọ. Rẹ́kọ́dà wà níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n nínú VirtualBox, níbi tí ó yẹ kí n ti yan ohun tí mo fẹ́ gbé fún àlejò, òfìfo ni. Kò sí rẹ́kọ́dà, kò sí mouse, kò sí kámẹ́rà ojú laptop pàápàá.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ka Físíìsì ti jẹ irú ìyà yìí rí. Gbogbo ẹni tó bi ló ní kó yọ ọ́ kúrò, kó tún un fi sí. Ó yọ ọ́, ó tún un fi, ó yọ ọ́, ó tún un fi. Mo fẹ́ sọ ọ́ síbí pé "yọ ọ́ kí o tún un fi" kì í ṣe ìdáhùn. Ó dà bí dókítà tó ní kí aláìsàn lọ tún ayé wá.

Ohun tó wà nídìí rẹ̀ rọrùn. Linux kì í jẹ́ kí gbogbo ènìyàn kàn fọwọ́ kan ohun tó wà lẹ́nu USB bó ṣe wù wọ́n. Nígbà tí VirtualBox wọlé, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ vboxusers, ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ yẹn nìkan ló lè mú nǹkan láti ọwọ́ onílé fún àlejò. Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́, òfìfo ni wọn yóò máa fi hàn án, wọn ò sì ní sọ ìdí. Ìlà kan ṣoṣo ló ń mú ọ wọ ẹgbẹ́: sudo usermod -aG vboxusers $USER. Lẹ́yìn náà, kí o jáde kúrò lórí Ubuntu pátápátá, log out, kí o tún wọlé. Ibí yìí ló ń dá àwọn ènìyàn láàmú, torí pé ìgbà tí o bá ń wọlé ni wọ́n máa ń ka ẹgbẹ́ tí o wà. Orúkọ rẹ ti wọ ìwé ẹgbẹ́, àmọ́ ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò ní mọ̀ títí o fi máa jáde, tí o sì tún kan ilẹ̀kùn. Èmi àti Físíìsì ṣe é lórí tirẹ̀ àti tèmi lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Òfìfo di àkójọ.

Kò tíì tán. Nínú ètò VirtualBox, wọ́n á ní kí o yan irú USB tí àlejò máa ní: 1.1, 2.0 tàbí 3.0. Ọkàn ènìyàn á sáré lọ síbi 3.0, ṣebí òun ló tóbi jù, òun ló yá jù. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe Windows 7 jáde kí USB 3.0 tó gbilẹ̀, kò bá a bí driver rẹ̀. Tí o bá fún un ní 3.0, ilẹ̀kùn ńlá ni o ṣí fún ẹni tí kò mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà. Fún Windows 7, 2.0 ni kí ẹ yàn, ó ń bá a ṣiṣẹ́ láìsí àròyé. Àwọn tó wà ṣáájú wa tilẹ̀ ní láti lọ mú Extension Pack lọ́tọ̀ kí wọ́n tó rí 2.0 lò. Láti VirtualBox 7.0 ti 2022, ó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohun tó wà nídìí gbogbo rẹ̀, tí ó bá yé ènìyàn, ìdajì wàhálà ti lọ nìyẹn: nǹkan kan kì í wà lọ́wọ́ ènìyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Tí àlejò bá ń lò ó, onílé ti fi í sílẹ̀. Tí onílé bá dì í mú, àlejò á máa wo ẹnu. Nítorí náà kí o tó béèrè pé "kí ló dé tí kò ṣiṣẹ́?", béèrè pé "ọwọ́ ta ló wà?" VirtualBox máa dá ọ lóhùn tí o bá tẹ VBoxManage list usbhost. Á ka nǹkan kọ̀ọ̀kan, á sì sọ ipò rẹ̀. Busy: onílé ń lò ó lọ́wọ́. Available: ó wà nílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó mú un. Captured: àlejò ti gbà á. Tó bá jẹ́ flash ni, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ dáadáa lọ́dọ̀ onílé kí ẹ tó gbé e fún àlejò, torí tí ẹ bá já a gbà lẹ́nu ẹni tó ṣì ń kọ nǹkan sórí rẹ̀, fáìlì lè bàjẹ́. Mo ti rí project ẹnìkan tó parẹ́ báyìí. Ọmọ Económíìsì ni, kò sì fẹ́ ká sọ ọ́.

Ẹ gbọ́ èyí náà. VirtualBox ní nǹkan kan tó ń jẹ́ filter. Wàá kọ síbẹ̀ pé bí nǹkan báyìí-báyìí bá ti wọlé, kó gbé e fún àlejò fúnra rẹ̀, kó má dúró dè mí. Físíìsì ṣí filter tuntun, kò tíì kọ nǹkankan sínú rẹ̀ tí àlejò fi tan. Filter tí a kò bá kọ nǹkan sí kì í túmọ̀ sí "má mú nǹkankan", ohun tó túmọ̀ sí ni "mú gbogbo rẹ̀". Kíá, mouse rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Ubuntu, kíbọ́ọ̀dù tó fi wáyà so mọ́ ọn náà kúrò, flash tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà kúrò, gbogbo wọn ṣígbá wọ inú àlejò lọ. Ó tẹ ìhín, ó tẹ ọ̀hún. Ó ní, "Ah, wọ́n ti kó mi!" Gbogbo room rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Ohun tó yọ ọ́ ni pé kíbọ́ọ̀dù ara laptop fúnra rẹ̀ kì í sáábà gba ọ̀nà USB kọjá, nítorí náà kò sí nínú ohun tí àlejò lè kó lọ. Òun ló fi pa àlejò náà. Ìgbà tí àlejò kú, ẹrù padà sọ́dọ̀ onílé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Padà sórí rẹ́kọ́dà mi. Mo kọ filter tèmi: nọ́ńbà ìdílé, nọ́ńbà àbísọ, méjèèjì pé. Àlejò tan, rẹ́kọ́dà wọlé, Windows dún "tìn-tín", ayọ̀ dé. Mo ṣí software. Bó ṣe ní òun fẹ́ bá rẹ́kọ́dà sọ̀rọ̀ báyìí, rẹ́kọ́dà pòórá. Mo tún ṣe é. Ó tún pòórá.

Bí mo ṣe yanjú eléyìí dùn mọ́ mi, kí n má parọ́. Dípò kí n máa wo inú àlejò, mo jókòó sọ́dọ̀ onílé, mo ń tẹ lsusb léraléra bí ẹni tó ń ka ìlẹ̀kẹ̀, nígbà tí software ń wá rẹ́kọ́dà. Kí ni mo rí? Nọ́ńbà ìdílé dúró bó ṣe wà. Nọ́ńbà àbísọ yí padà! Tí software bá kí rẹ́kọ́dà yìí, ṣe ló máa ń já ara rẹ̀ kúrò, á sì tún wọlé pẹ̀lú orúkọ mìíràn, bí ẹni tó wọ yàrá lọ pààrọ̀ aṣọ. Lójú onílé, nǹkan tuntun ló dé. Filter mi sì ń dúró de orúkọ ti àná. Ohun tí mo ṣe kò ju pé mo pa nọ́ńbà àbísọ rẹ́ nínú filter, mo fi nọ́ńbà ìdílé nìkan sílẹ̀, pé ẹnikẹ́ni tó bá ti jáde nínú ilé yìí, orúkọ tó wù kó máa jẹ́, kó wọlé. Fóònù àwọn ènìyàn náà máa ń ṣe báyìí tí wọ́n bá yí i láti charging sí nǹkan mìíràn, ẹ̀kọ́ kan náà ni.

Ó wọlé. Ó dúró. Fáìlì kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì. Iná lọ nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, bátìrì laptop mi tòkunbọ̀ sì ń sọ pé òun ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ó tó.

Mo rò pé mo ti dé èbúté. Ṣùgbọ́n ohùn lásán kò tó fún project, mo ní láti kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn. Software yẹn nìkan ló lè fa ohùn náà lẹ́sẹ̀ kí ó máa lọ díẹ̀díẹ̀ láì sọ ọ́ di ohùn ọkùnrin, nítorí náà inú àlejò ni mo ti fẹ́ máa gbọ́, ibẹ̀ náà ni mo ti fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́. Níbẹ̀ ni kíbọ́ọ̀dù ti gbé tirẹ̀ dé.

Ní Ubuntu, mo ti ṣètò kíbọ́ọ̀dù mi fún ara mi tipẹ́. Yorùbá kò lo c, q, v, x, z, nítorí náà àyè ṣófo níbẹ̀: q ni mo fi ṣe ẹ, x ni mo fi ṣe ọ, z ni mo fi ṣe ṣ. Bọ́tìnnì méjì tó tẹ̀ lé p lápá ọ̀tún, ọ̀kan ni àmì òkè, ọ̀kan ni àmì ìsàlẹ̀. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n. Mo wọ inú àlejò, mo tẹ "ẹkún", ohun tó jáde ni q, k, u, akọ́mọ́ kan, n.

Kí ló fà á? Ẹ̀yin tí ẹ mọ dùndún dáadáa ló máa tètè yé. Dùndún kì í pe kọ́nsónáǹtì. Ohùn òkè, àárín, ìsàlẹ̀ ló ń gbé jáde, etí ẹni tó ń gbọ́ ló ń fi ọ̀rọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn méjì fi lè jókòó sídìí ìlù kan kí wọ́n gbọ́ gbólóhùn méjì, kí ẹnìkan máa jó kí èkejì máa bínú. Kíbọ́ọ̀dù náà kì í sọ lẹ́tà. Ipò ló ń sọ. Tí o bá tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n kọ q sí, nọ́ńbà 16 ni kọ̀ǹpútà àlejò ń gbà. Tí o bá gbé ìka kúrò, 144. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pé 16 jẹ́ q tàbí ẹ tàbí a (a ló jẹ́ fún àwọn ará Faransé), ọwọ́ ẹni tó gbọ́ ló wà. VirtualBox ń ta ìlù náà sí àlejò bó ṣe gbọ́ ọ, kò túmọ̀ rẹ̀. Ìtumọ̀ tí mo ṣe fún Ubuntu, ọ̀dọ̀ Ubuntu ló dúró sí. Àlejò gbọ́ 16, ó wo ìwé tirẹ̀ tí wọ́n kọ ní Amẹ́ríkà, ó ní q ni.

Ẹni tó bá ń yí ètò kíbọ́ọ̀dù onílé ká kí àlejò lè kọ Yorùbá, omi ló ń bù sínú agbọ̀n. Inú àlejò ni kí ẹ ti ṣe é. Keyman wà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Èmi fẹ́ èyí tí ọwọ́ mi mọ̀, mo bá lo Microsoft Keyboard Layout Creator 1.4, ọ̀fẹ́ lòun náà, mo tún kíbọ́ọ̀dù mi dá nínú Windows.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ọmọ ẹ̀ka wa mọ̀. Ní Unicode, tó jẹ́ ìwé tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé fi ń ka lẹ́tà, á ní nọ́ńbà tirẹ̀, à ní tirẹ̀, ẹ ní tirẹ̀, ọ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí í ṣe tiwọn. Méjì-méjì ni wọ́n: lẹ́tà kọ́kọ́ dé, àmì wá gun un lórí. Irú bọ́tìnnì tí àwọn ará Faransé fi ń kọ àmì tiwọn, tí wọ́n ń pè ní dead key, àmì lo máa kọ́kọ́ tẹ̀ kí lẹ́tà tó dé, nínú irú kíbọ́ọ̀dù tí mò ń dá yìí, kò sì lè bí ju nọ́ńbà kan lọ. Kò lè bí ọ́ láéláé. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń ṣe kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tó ń kọ "ilé" dáadáa tó sì ń kọsẹ̀ lórí "ọjọ́". Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí àmì dá dúró lórí bọ́tìnnì tirẹ̀, nọ́ńbà 0301 fún òkè, 0300 fún ìsàlẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ LẸ́YÌN lẹ́tà. Bí a ṣe ń fi bírò kọ ọ́ náà ni, àbí ẹ̀yin kì í kọ lẹ́tà tán kí ẹ tó fi àmì lé e lórí?

Ó tún ku ìwà kan tí àlejò ń hù tí ẹ óò rò pé àǹjọ̀nnú ni. Ẹ ń tẹ̀wé lọ, ẹ fi Alt àti Tab fò jáde sọ́dọ̀ onílé láti wo nǹkan, ẹ padà dé, gbogbo lẹ́tà tí ẹ bá tẹ̀ ń ṣí menu. Tó bá jẹ́ Ctrl ni, ó burú jù: a á yan gbogbo ojú ìwé, x á gé e dànù. Ẹ rántí pé nọ́ńbà títẹ̀ ọ̀tọ̀, nọ́ńbà gbígbé ìka ọ̀tọ̀. Nígbà mìíràn, àlejò gbọ́ pé ẹ tẹ Alt. Ìgbà tí ẹ gbé ìka, ọ̀dọ̀ onílé lẹ wà, onílé ló gbọ́. Lójú àlejò, ìka yín ṣì wà lórí Alt láti àárọ̀. Ẹ má restart nǹkankan. Ẹ kàn tẹ Alt lẹ́ẹ̀kan nínú àlejò, kí ẹ gbé ìka, kí ó gbọ́ ọ. Ctrl apá ọ̀tún, onílé ló ni ín, òun la fi ń gba mouse àti kíbọ́ọ̀dù kúrò lọ́wọ́ àlejò. Tí laptop yín kò bá ní i, ẹ lọ yí i sí bọ́tìnnì mìíràn nínú Preferences. Mouse tó há sínú fèrèsé, ẹ fi Guest Additions sí i, ó tán.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí kọ ẹkún ìyàwó Màmá àgbà sílẹ̀, ìlà kan lójúmọ́, méjì tí ìmọ́lẹ̀ bá wà.

Ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún, wọ́n ń ka ohun tí àwọn ń fi sílẹ̀ nílé bàbá wọn. Wọ́n dárúkọ nǹkan kan tó ń bẹ lára ògiri. Láti ẹnu speaker tó ti ya yẹn, "igba" lásán lẹ máa gbọ́. Ẹ̀yin náà mọ wàhálà "igba": igba ni iye, igbá ni a fi ń bu omi, ìgbà ni àkókò, igbà ni okùn tí akọ̀pẹ fi ń gun ọ̀pẹ. Mo pe màmá mi. Wọ́n ní igbá ni, kí ló tún kù, ṣebí igbá fínfín ni ìyàwó ń kó. Mo pe Àǹtí, àwọn tó di rẹ́kọ́dà mú lọ́jọ́ náà. Àwọn náà ní igbá.

Mo fa ohùn náà lẹ́sẹ̀ dé ìdajì. Ohùn kò gòkè. Ó bẹ̀rẹ̀ láàárín, ó sì jábọ́. Mo gbọ́ ọ nígbà mẹ́wàá. Mo gbé earphone fún Físíìsì, tí kì í ṣe ọmọ Ọ̀yọ́ rárá, tí kò mọ ohun tí mo ń wá. Mo ní, "Fi ẹnu kọ ohun tí o gbọ́ fún mi, má sọ ọ̀rọ̀, ohùn nìkan." Ó ní, "Re, dò."

Igbà ni.

Ẹ̀yin ò mọ ohun tó túmọ̀ sí fún wa. Ìsẹ́yìn, ìlú aṣọ òfì. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ahunṣọ ni ìdílé wa, pé inú òfì ni wọ́n bí Màmá àgbà sí, a sì ń fi yangàn. Kò sẹ́ni tó sọ akọ̀pẹ kankan fún wa rí. Màmá mi ò mọ̀. Ahunṣọ ni bàbá tiwọn, ọkọ Màmá àgbà, bóyá ibẹ̀ ni ìtàn ti dà pọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún, arúgbó kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún ń dágbére fún igbà bàbá rẹ̀ tó wà lára ògiri.

Mo tún pe Àǹtí. Mo ṣí ohùn náà fún wọn lórí fóònù, díẹ̀díẹ̀, láti inú àlejò. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo rò pé network ti já.

"Ẹ ń gbọ́ mi, mà?"

"Mò ń gbọ́ ẹ. Tún un ṣí."

Mo tún un ṣí.

"Bàbá kan ṣì wà ní agboolé," wọ́n ní. "Wọ́n dàgbà ju Màmá lọ díẹ̀. Tí mo bá dé Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ Sátidé, mo máa bi wọ́n. Ṣé o ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣá?"

Mo ní mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, mà, mo sì ti fi àmì sí i. Fáìlì náà ti wà níbi mẹ́ta báyìí, ọ̀kan lórí flash Físíìsì. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún tí n kò tíì kọ.